Ìwé eré $10: bí òǹkọ̀wé kan ṣe di olùdarí ní Hollywood, àti ohun tí kò sí nínú àdéhùn ẹ̀

Ẹni tó bá ń kọ ìwé eré fún fíìmù, tó sì ń wò ó pé lọ́jọ́ kan òun náà á jókòó sórí àga olùdarí, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ìtàn yìí rí. Lọ́dún 1939, òǹkọ̀wé kan tí sítúdíò Paramount ń san $2,500 fún lọ́sẹ̀ mú ìwé eré kan tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́, ó ní òun máa tà á fún wọn ní $1, àní $1 péré, kí wọ́n ṣáà ti jẹ́ kí òun darí ẹ̀ fúnra òun. Sítúdíò ló sọ ọ́ di $10 kí àdéhùn náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin. Fíìmù náà jáde ní 1940, ó gba Oscar, àtìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ $10 yìí kiri bí ẹni ń ròyìn ọgbọ́n ẹ̀wẹ́.

Èmi náà gbà pé ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni mo ń rí i pé ibi tá a tẹjú mọ́ kọ́ ni ẹ̀kọ́ ẹ̀ wà. $10 yẹn ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nínú nǹkan tó ti ń ṣe fún bí ọdún mẹ́fà, ohun tó sì fi rà kéré gan-an sí ohun tá a rò pé ó rà, ohun tí kò sí nínú àdéhùn yẹn ló sì padà wá dà á láàmú.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àwọn fíìmù ẹ̀. Ẹni tó mọ fíìmù ayé àtijọ́ á dá a mọ̀ kíá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò pàdánù nǹkan kan, torí tí orúkọ ńlá bá ti wọ̀ ọ́, oríkì la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kì, a ò ní bi ara wa pé kí ló wà nínú ìwé tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀.

Chicago ni wọ́n bí i sí ní 1898. Ìyá ẹ̀ gbé e káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Isadora Duncan oníjó ni ìyá yìí, àárín àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ni ọmọ náà gbé ṣe kékeré, àmọ́ ọkọ ìyá ẹ̀ tó gbà á tọ́, tó fún un lórúkọ tó ń jẹ́, ọkùnrin oníṣòwò ni ní Chicago, ìpín ìdókòwò ló ń rà tó ń tà. Nígbà tó dàgbà ó bá ìyá ẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àtíkè àti ìpara, ó tiẹ̀ ṣe ìtọ́tè kan tí kì í tètè parẹ́ lẹ́nu. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ eré: ní 1929 eré orí ìtàgé ẹ̀ kan gbóná janjan ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ìgbà 557 ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó kọ tẹ̀ lé e ò ṣe dáadáa, owó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Hollywood sì ń wá àwọn tó mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú méjèèjì, torí àwọn tó wà níbẹ̀ látijọ́ àwòrán lásán ni wọ́n mọ̀. Bó ṣe wọ inú ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo òǹkọ̀wé nígbà yẹn. Ní àwọn sítúdíò ńlá, ẹnì kan á kọ ìtàn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì kó wá tún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kọ, ẹnì kẹta á fi àwàdà sí i, ẹnì kẹrin á tún gbogbo ẹ̀ tú palẹ̀, ìgbà míì wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn. Tí ìwé bá parí, ó di ti olóòtú (ẹni tó ń bójú tó owó àti ètò fíìmù, tí wọ́n ń pè ní producer) àti olùdarí, òǹkọ̀wé ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń sanwó dáadáa o, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò sanwó, ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn panu mọ́.

Ní 1933 ọkùnrin yìí ṣe ohun tí wọn kì í ṣe. Kò dúró de kí wọ́n pín iṣẹ́ fún un, ó jókòó ó kọ odindi ìwé eré kan láti ìran àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, ó gbé e lọ bá Jesse Lasky tó ń ṣe fíìmù fún sítúdíò Fox. Lasky kà á, kò rí ohun tó fẹ́ yí padà níbẹ̀. Wọ́n san $17,500 fún un, wọ́n tún fún un ní ìpín nínú owó tí fíìmù náà bá pa wọlé, èyí tó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ fún òǹkọ̀wé nígbà yẹn. Ìtàn náà ò tò tẹ̀léra, ikú olówó kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ń lọ síwájú ó ń padà sẹ́yìn nínú ayé ọkùnrin náà, ohùn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni a sì ń gbọ́ tó ń sọ ọ́. Spencer Tracy ni olórí eré. Títí di òní àwọn tó ń kọ ìtàn fíìmù ṣì ń sọ pé ọ̀nà tí Orson Welles gbà sọ ìtàn nínú fíìmù ẹ̀ Citizen Kane ní 1941 ti wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Inú àwọn kan ò dùn sí àdéhùn yẹn rárá, àwọn olóòtú ń wò ó pé òǹkọ̀wé ti fẹ́ di alájọpín, àwọn òǹkọ̀wé míì náà sì ń bẹ̀rù pé tí ẹnì kan ṣoṣo bá lè kọ ọ́ tán, kí ni wọ́n á tún fi ẹni mẹ́rin ṣe.

Owó yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò jù nínú ọ̀rọ̀ 1933. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ó wà níbẹ̀. Olùdarí ẹ̀, William K. Howard, gbà á láàyè, òun ló ń bójú tó bí àwọn òṣèré ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó kọ. Iṣẹ́ yẹn ò mówó wá fún un, àmọ́ ó ń rí bí wọ́n ṣe ń gbé iná, bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún, ìdí tí ìran tó kọ sójú ewé kan péré fi lè gba odindi ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ tó dùn lórí ìwé tí kò ṣeé sọ lẹ́nu èèyàn. Ó tún rí ẹni tí gbogbo ibẹ̀ ń wojú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun máa di olùdarí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òǹkọ̀wé, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá síbi tí wọ́n ti ń ya iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ẹ ti gbowó yín tán, ẹ lọ.

Ọdún yẹn náà ló kọ ìwé eré tó padà wá di ti $10. Ìtàn alárìnká kan ni, táwọn jàǹdùkú olóṣèlú fún lówó pé kó máa dìbò káàkiri lórúkọ àwọn ẹlòmíì, tó fi bẹ́ẹ̀ wọ ìṣèlú, tó wá di gómìnà, ọjọ́ tó wá fẹ́ hùwà òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ dojú dé. Ó gbé e lọ síbí, ó gbé e lọ sọ́hùn-ún, wọn ò rà á, ó yí orúkọ ẹ̀ padà, wọn ò rà á. Ó gbé e sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló lò nínú àpótí.

Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn ó padà sínú ètò tí gbogbo òǹkọ̀wé wà, ó ṣiṣẹ́ fún sítúdíò Universal, William Wyler darí ọ̀kan nínú ohun tó kọ ní 1935, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Paramount. Mitchell Leisen darí méjì níbẹ̀, ọ̀kan jáde ní 1937, èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940. Inú bí òǹkọ̀wé wa gan-an sí bí Leisen ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí Leisen á gé ọ̀rọ̀ kúrò, á dín ìran kù, á jẹ́ kí òṣèré dákẹ́ níbi tí òǹkọ̀wé ti ní kó sọ̀rọ̀. Mo ti wo fíìmù méjèèjì, tẹ́ ẹ bá bi mí, iṣẹ́ Leisen dáa. Ó dáa púpọ̀. Gígé tó gé ọ̀rọ̀ nínú èkejì yẹn ló jẹ́ kí ìfẹ́ inú ẹ̀ wọni lára. Mo ń sọ èyí torí pé nínú irú ìtàn báyìí a máa ń fẹ́ kí ẹnì kan jẹ́ ọ̀tá, kí òǹkọ̀wé jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ níyà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn méjì tó mọṣẹ́ ń wo ìtàn kan náà, ojú wọn ò papọ̀, òfin ibẹ̀ sì ti sọ ẹni tí tiẹ̀ máa ṣẹ. Ohun tó ń dun òǹkọ̀wé náà ni pé tiẹ̀ ò lè ṣẹ láé.

Ó wá di 1939. William LeBaron ló ń darí iṣẹ́ ní Paramount nígbà yẹn, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ojú LeBaron wo ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀, torí a kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tó gbówó lórí fẹ́ fún un ní ìwé eré tó ti parí ní $10. Ìtàn náà ò nílò ìràwọ̀ ńlá, kò nílò ìlú òkèèrè, kò nílò aṣọ ọba. Wọ́n ya nǹkan bí $350,000 sọ́tọ̀ fún un, owó kékeré ni ìyẹn fún fíìmù Paramount, wọ́n mú Brian Donlevy tó sábà máa ń ṣe ọ̀daràn fún olórí eré, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré láti yà á. Tó bá bà á jẹ́, àdánù ẹ̀ ò ní hàn nínú ìwé owó wọn, á sì padà sídìí ìwé kíkọ, á dákẹ́ ariwo. Tó bá ṣe dáadáa, wọ́n ti rí olùdarí tí kò náni ju owó oṣù tí wọ́n ti ń san fún un lọ. Kò sí ibi tí LeBaron á ti pàdánù, ìdí tó fi gbà nìyẹn. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà wà nínú ìwé tó yàn: nínú gbogbo ohun tó kọ, ó mú èyí tí kò ní kó ọ̀gá láyà jẹ.

Àti pé nígbà tó dé orí àga yẹn kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ó ti dúró sẹ́yìn Howard, ó ti wo Wyler, ó ti bá Leisen jà. Fíìmù náà parí, ó jáde ní 1940, inú àwọn èèyàn dùn sí i. Ìwé eré ẹ̀ ló gba Oscar fún ìwé eré àtinúdá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi irú ẹ̀bùn yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ṣe òmíràn kí ọdún yẹn tó parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n fún un ní ìràwọ̀ òṣèré méjì, Barbara Stanwyck àti Henry Fonda, owó sì wọlé.

Láti ìparí 1939 sí 1943 fíìmù mẹ́jọ ló kọ tó sì darí. Mẹ́jọ! Ẹni tó bá ti darí ẹyọ kan rí á mọ ohun tí mo ń sọ. Ó máa ń pe ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn sókè kí akọ̀wé máa tẹ̀ ẹ́, òun fúnra ẹ̀ á sì máa ṣe gbogbo wọn, ó di obìnrin níbí, ó di ọlọ́pàá lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú àwọn fíìmù yẹn fi ń yọ̀ lẹ́nu. Ó tún ní àwọn òṣèré kéékèèké kan, William Demarest àtàwọn míì, àwọn tí wọ́n ń ṣe agbọ́tí, adájọ́, dókítà abúlé, tó ń pè padà nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan. Sítúdíò ní ojú kan náà ti ń sú àwọn, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn yìí ló bá òun ṣe é nígbà tí òun ò tíì jẹ́ nǹkan kan, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí níbi tó dé yìí ju ibikíbi lọ. Àǹfààní iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú o, torí tí gbogbo èèyàn bá ti mọ bí o ṣe ń ṣiṣẹ́, àlàyé á dínkù, àsìkò á pọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á sì tó.

Ibi tí nǹkan ti yí nìyí, kò sì sí ariwo kankan lọ́jọ́ náà. Ní 1941, LeBaron kúrò ní Paramount. Buddy DeSylva gba ipò ẹ̀. DeSylva kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ fún àwọn akọrin ni tẹ́lẹ̀, ó mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ ọ̀gá. Àmọ́ gbogbo àyè tí òǹkọ̀wé wa ń gbádùn, LeBaron ló ń fún un, kò sí èyí tó wà nínú ìwé. Wọn ò kọ ọ́ síbikíbi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fíìmù ẹ̀ tó bá ti gé e tán, ìyẹn tó bá ti yan àwọn ìran tó yà, tó sì ti tò wọ́n pọ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí inú rere ẹnì kan, bí ẹni kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ láìgba rìsíìtì, ọ̀rẹ́ sì ti kó lọ.

Èyí tó kọ́kọ́ fi hàn ni fíìmù kan tó yà ní 1942, ìtàn William Morton, oníṣègùn eyín tó fi éétà mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ ní Boston ní 1846. Kò fẹ́ tò ó bí ìtàn ìgbésí ayé ṣe máa ń tò, ó tún fẹ́ da ìgbà rú bó ṣe ṣe ní 1933, kó fi ìṣubú ọkùnrin náà ṣáájú, kó wá fi ohun tó yááfì parí ẹ̀. DeSylva ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tún un gé, wọ́n tún un tò, wọ́n fi í pamọ́ títí di 1944 kí wọ́n tó gbé e jáde. Kò pa owó. Ẹni tó bá wò ó lónìí á rí i pé nǹkan kan ṣẹ́ nínú ẹ̀, ibì kan á mú ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí kò yẹ, ibì kan á sì kọjá kó tó yé ẹ.

Láàárín ìgbà yẹn náà ló ṣe èyí tó pa owó jù. Ọmọbìnrin kan nílùú kékeré lọ bá àwọn sójà jó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jí ní àárọ̀, ó ti fẹ́ sójà kan tí kò rántí orúkọ ẹ̀, ó sì ti lóyún. Ẹ ronú irú ìyẹn nígbà ogun, lábẹ́ Joseph Breen àtàwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù nígbà náà! Ìwé náà ò tíì parí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń yà á lọ, ohun tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí lónìí ló ń yà lọ́la. Òpin ọdún 1942 ló yà á, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 1944 ló tó jáde, ilé sinimá sì kún fọ́fọ́. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin tó ń pa irú owó báyìí fún wọn ni wọ́n ń gba fíìmù lọ́wọ́ ẹ̀ gé. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé tó bá ti ń pa owó kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́wọ́, ẹ wo ìyẹn dáadáa. Owó tí fíìmù ń pa máa ń mú kí ọ̀gá túbọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí èyí tó ń bọ̀.

Ní òpin 1943 àdéhùn ẹ̀ tán, òun àti Paramount ò gbọ́ ara wọn yé, ó jáde. Fíìmù kan ṣì kù sílẹ̀ tí wọn ò tíì gbé jáde, ti ọ̀dọ́kùnrin kan tí iṣẹ́ ológun dá padà sílé nítorí àìsàn tó ń mú un sín, àwọn ará ìlú ẹ̀ wá ń fi ìlù àti fèrè pàdé ẹ̀ bí akọni. DeSylva ti gé ìyẹn náà. Wọ́n fi han àwọn èèyàn kan ṣáájú, wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Òǹkọ̀wé wa ránṣẹ́ sí sítúdíò tó ti fi sílẹ̀ pé òun máa padà wá tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n gbà. Ó padà wá, ó tún àwọn ìran kan kọ, ó tún wọn yà, ó dá èyí tí wọ́n gé padà sí àyè ẹ̀. Ó jáde ní 1944, ó yọrí sí rere. Wọ́n yàn án fún Oscar ìwé eré nígbà méjì lọ́dún kan náà, fún èyí àti fún ti ọmọbìnrin yẹn, àmọ́ ẹlòmíì ló gbà á.

Ìran yẹn ni mo máa ń padà sí jù. Ọkùnrin kan wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù, wọn ò sanwó fún un, kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ó ń tún ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ṣe fún àwọn tó bà á jẹ́. Iṣẹ́ náà sì dáa gan-an ni. Ìfẹ́ iṣẹ́ nìyẹn, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fún un yẹn náà, àánú ni, kò sí nínú ìwé.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tó ti jìyà nítorí pé ó gbára lé inú rere ọ̀gá kan ló lọ bá Howard Hughes ní 1944, wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Hughes lowó, ó sọ pé òun ò ní dá sí i, ọkọ̀ òfuurufú ló gba Hughes lọ́kàn nígbà yẹn. Òǹkọ̀wé wa di òǹkọ̀wé, ó di olùdarí, ó di olóòtú, ó tún di ọ̀gá ilé iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí ẹyọ orí kan. Ó pe Harold Lloyd, apanilẹ́rìn-ín ayé fíìmù tí kò sọ̀rọ̀, ẹni tí kò tíì ṣe eré láti 1938, kó padà wá. Iṣẹ́ náà pẹ́, owó ń lọ. Òun àti Hughes jà ní 1946, ó parí. Fíìmù Lloyd yọjú fúngbà díẹ̀ ní 1947, Hughes gbà á padà nílẹ̀, ó gé e, ó yí orúkọ ẹ̀ padà, ó tún gbé e jáde ní 1950. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ ní Paramount ló tún ṣẹlẹ̀, ọ̀gá tuntun ló yàtọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé òmìnira ló bà á jẹ́, pé ó yẹ kí ẹnì kan máa sọ fún un pé rárá. Díẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Nígbà LeBaron, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ò pọ̀, owó ò pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀ máa sáré. Àmọ́ lọ́dọ̀ Hughes kò sí òmìnira rárá, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá ò tíì yíjú sí i.

Ìyókù ò gùn. Ó lọ sí Fox, ó ṣe fíìmù kan ní 1948 tí mo kà mọ́ èyí tó dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, ìtàn olùdarí ẹgbẹ́ olórin kan tó ń fura sí ìyàwó ẹ̀, tó ń gbèrò oríṣiríṣi nínú ọkàn bí orin ṣe ń lọ, àmọ́ àwọn èèyàn ò lọ wò ó. Ó ṣe òmíràn ní 1949 pẹ̀lú Betty Grable, ìyẹn náà ṣubú, Fox ò sì pè é mọ́. Ó tún ní ilé oúnjẹ ńlá kan lójú ọ̀nà Sunset Boulevard tó ṣí ní 1940, àwọn gbajúmọ̀ ń jẹun níbẹ̀, owó tó ń pa nídìí fíìmù ló sì ń gbé jóná síbẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1953. Ó kọjá sí Faransé, ó darí èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, ó jáde ní 1955. Ó kú ní oṣù kẹjọ 1959 nínú Hótẹ́ẹ̀lì Algonquin ní New York, ọdún 60 ni, ìwé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ ló ń kọ lọ́wọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àwọn tó gba ọ̀nà tó là wé e. John Huston náà òǹkọ̀wé ni ní sítúdíò Warner. Kò ta ìwé eré kankan ní $10. Ẹ́jẹ́ǹtì ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn òǹkọ̀wé ẹ̀ pé tí Warner bá fẹ́ máa bá a lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó darí fíìmù kan, nígbà tí ìwé eré tó kọ sì gbóná ní 1941, wọ́n mú un ṣẹ lọ́dún yẹn gan-an. Billy Wilder wà ní Paramount kan náà, Leisen kan náà ló ń bí i nínú, ní 1941 Leisen gba Charles Boyer láyè láti má ṣe ìran kan tí Wilder kọ, níbi tí ọkùnrin kan ti ń bá aáyán sọ̀rọ̀. Wilder sọ pé ó tó, ní 1942 ó darí tiẹ̀. Ohun tí Wilder ṣe tó yàtọ̀ ni pé kò dá iṣẹ́ ṣe. Charles Brackett ń bá a kọ ọ́, ó sì ń ṣe olóòtú fún un, bó ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀ títí di 1950, lẹ́yìn ìyẹn ó wá ẹlòmíì. Ẹnì kan wà tó ń bá àwọn ọ̀gá jà ní ọ́fíìsì nígbà tí Wilder wà nídìí kámẹ́rà. Ó ń darí fíìmù títí di 1981.

Fún àwa tá a ń kọ̀wé eré, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó pín ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sí méjì. Apá àkọ́kọ́, 1933 sí 1939, tẹ̀ lé e: kọ ìwé tó parí kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń yà á, wo àwọn olùdarí tó o fẹ́ràn àti èyí tó ń bí ẹ nínú, kó o sì ní ìwé kan nílẹ̀ tí kò gba owó púpọ̀, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Tí o bá fẹ́ fi owó orí ìwé yẹn sílẹ̀ kó o lè darí ẹ̀, fi í sílẹ̀, kò burú. Apá kejì, béèrè ohun tí kò béèrè. Ta ló máa gé e? Tí mo bá gé e tán, ta ló lè tún un gé? Tí ẹni tá a jọ ń sọ̀rọ̀ yìí bá kúrò ńkọ́, ṣé ẹni tó bá gba ipò ẹ̀ á bọ̀wọ̀ fún un? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu LeBaron ò bá a dé ọ̀dọ̀ DeSylva.

Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn olùdarí ní Amẹ́ríkà ti bá wọn jà dé ibì kan: nínú àdéhùn àjọṣe tí ẹgbẹ́ náà ní pẹ̀lú àwọn sítúdíò, olùdarí fíìmù ńlá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láti gé fíìmù ẹ̀ bó ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin wa ò ní irú ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹn, sítúdíò ṣì lè gbà á, kó tún un gé, àyàfi tí olùdarí náà bá ti gba ẹ̀tọ́ gígé ìkẹyìn sínú ìwé tiẹ̀, àwọn tó sì gbà á ò pọ̀. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn ò tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ọ̀hún, àyàfi èyí tó bá fúnra ẹ̀ kọ sínú àdéhùn kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.